Hilux mi ń wọlẹ̀ níwájú, ó sì ń lù gbàà nínú gálópù: báwo lẹ ṣe ń mọ réètì sípíríǹgì tó yẹ kéèyàn rà?

AgbẹÌkòyí — Ọjọ́ Ajé, 7:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti ń tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò sùn dáadáa lórí ẹ̀. Hilux 2009 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.7 oníbẹntiróòlù, ilẹ̀kùn mẹ́rin, four-wheel. Kìnnìrà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé mi, oko mi wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn ọ̀nà oko apá ibẹ̀ ẹ mọ ohun tí ojú ọkọ̀ ń rí nígbà òjò. Lọ́dún tó kọjá mo rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, ni mo bá ní kí wẹ́dà bá mi jó gáàdì iwájú onípáìpù ńlá, mo wá gbé wíǹṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀) lé e lórí. Àtìgbà náà ni imú ọkọ̀ ti ń wálẹ̀. Tí mo bá já sí gálópù báyìí iwájú á lù gbàà bí ẹni fi òòlù lu irin, ìyàwó mi ti ní òun ò ní wọ̀ ọ́ lọ Ìbàdàn mọ́.

Mẹkáníìkì mi ní sípíríǹgì iwájú ló ti rọ̀, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta èyí tí irin ẹ̀ sanra gan-an, ó ní èyí ò ní wálẹ̀ láéláé. Ẹlòmíì ní kí n ki rọ́bà sáàárín òrùka sípíríǹgì. Èmi wá lọ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i tí wọ́n ń kọ 500 lb/in, ibòmíì 9 kg/mm, ibòmíì N/mm, mi ò mọ èwo ni kí n mú níbẹ̀. Báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ̀ ọ́n?

ỌmọTákíè — 8:15 àárọ̀

Bọ̀dá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ lọ Àràròmí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ ra ti Prado tókúnbọ̀, kí wọ́n dè é mọ́ ọn, ó parí. Ọdún kan rèé tí tèmi ti wà lórí ẹ̀.

Ẹnjiníà_UnderG — 9:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n AgbẹÌkòyí, ẹ má tíì náwó kankan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ.

Réètì sípíríǹgì, ohun tó jẹ́ ni iye ẹrù tó máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan. Tí wọ́n bá ní 7 kg/mm, ẹrù kílò méje ló máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní mílímítà kan, kílò mẹ́rìnlá á tẹ̀ ẹ́ ní méjì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Àwọn ará Japan ló sábà máa ń kọ kg/mm, àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ lb/in (páùn fún íǹṣì kan), àwọn Yúróòpù N/mm (níútọ̀nì fún mílímítà kan), ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀n. 1 kg/mm jẹ́ 56 lb/in, ó sì jẹ́ 9.81 N/mm. Nítorí náà 500 lb/in tẹ́ ẹ rí àti 9 kg/mm yẹn ò jìnnà síra wọn rárá, èkejì jẹ́ 504.

Sípíríǹgì tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè mọ réètì ẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa wọ̀n. Ẹ fi kálípà (irinṣẹ́ tó ń wọn sísanra nǹkan) wọn sísanra irin ẹ̀, ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n o. Ẹ wọn ìbú òrùka láti ìta dé ìta, kẹ́ ẹ wá yọ sísanra irin kan kúrò, èyí tó kù ni ìbú láti àárín irin dé àárín irin. Ẹ ka òrùka tó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé apá tó jókòó pẹlẹbẹ sórí àga ẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ò sí nínú ìkà, torí kì í tẹ̀. Lẹ́yìn náà: 79,000 lọ́nà sísanra, lọ́nà sísanra, lọ́nà sísanra, lọ́nà sísanra, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ pín in sí 8 lọ́nà ìbú àárín sí àárín, lọ́nà ìbú, lọ́nà ìbú, lọ́nà iye òrùka. mm ni kẹ́ ẹ fi wọn gbogbo ẹ̀, N/mm ló máa jáde. 79,000 yẹn jẹ́ ti irin sípíríǹgì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì.

Ìlọ́po mẹ́rin yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí. Èyí tó sanra tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, mm mélòó ni? Torí tí tiyín bá jẹ́ 15 tí tiwọn jẹ́ 17, tí gbogbo nǹkan tó kù sì bára mu, mm méjì péré tẹ́ ẹ rí yẹn ti sọ ọ́ di líle ní 65% ju tàtijọ́ lọ. Ojú ò lè rí ìyẹn lórí tábìlì ọjà.

AgbẹÌkòyí — 9:40 àárọ̀

17 ló pè é! Háà. Ẹ ṣeun o, mo ti dá owó dúró. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ni mo tún máa wọ̀n?

ÌyáẸlẹ́yin — 10:26 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ìrèsà-Àdú ni mo ti ń kó ẹyin wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí iwájú ọkọ̀ mi ń wálẹ̀, wọ́n bá mi fi sípíríǹgì tó sanra sí i, ó ga lóòótọ́, mo yọ̀ lọ́jọ́ náà. Àṣé ọkọ̀ ò ní í tẹ̀ mọ́ rárá. Bọ́ǹpù kékeré á gbé e sókè tòun-tèèyàn, àga ẹ̀yìn tí mò ń kó ẹyin tó dára jù sí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kíréètì mẹ́fà fọ́, kò sì sí pé awakọ̀ sáré. Kò pé oṣù mẹ́rin tí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé ìdí táyà iwájú) ọ̀tún fi lọ. Owó tí mo ti ná tẹ́lẹ̀ náà ni mo tún ná láti fi dá a padà. Ẹ má kàn wo gíga o, ọmọ mi. Bó ṣe ń gbé yín lẹ máa wò.

ỌgáMẹkó_Sábó — 12:10 ọ̀sán

Ìyá wa, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti wa kún un, àwa tá a ń fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ tó bá ń lù gbàà níwájú, kì í ṣe sípíríǹgì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Mo máa ń wo rọ́bà tó ń gba lówà àámù (apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú) dúró, tó bá ti já tàbí tó ti jẹ tán, irin á máa lu irin, ariwo yẹn gan-an ló máa ń dún. Mo á wo ṣọ́ọ̀kì bóyá ó ti ń sun òróró. Ẹ tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo yín kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, tó bá fò sókè tó sì dúró, ó dáa, tó bá ń mi lọ mi bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Ẹ ti irin gbá búṣì (rọ́bà oríkèé) lówà àámù wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti ta sípíríǹgì fún lórí àrùn ṣọ́ọ̀kì.

Nǹkan kejì, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà tàbí ṣéènì de sípíríǹgì yẹn láti fi tú u. Nǹkan tó gbé ìdajì iwájú ọkọ̀ dúró ni, tó bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ó lè pààyàn, mo ti rí ibi tó ti fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọṣẹ́ kan. Irinṣẹ́ tó ń fún sípíríǹgì pọ̀ wà, onísíkúrù méjì, ẹ yá a tí ẹ ò bá ní in, ẹ má sì kọ ojú tàbí àyà yín sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń tú u.

Rọ́bà àárín òrùka yẹn, mi ò fẹ́ ẹ. Òrùka tó bá há mọ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn tó kù ló máa gba gbogbo ìyà, ibẹ̀ ló ti máa ń kán.

ỌmọTákíè — 1:33 ọ̀sán

Ọ̀gá mi, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fún Ẹnjiníà: sípíríǹgì tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣé kò ní í rọ̀ ni? Gbogbo wa la mọ̀ pé ó máa ń rẹ̀ ẹ́.

Ẹnjiníà_UnderG — 2:20 ọ̀sán

Ìbéèrè tó ṣe kókó nìyẹn, ọ̀pọ̀ owó ló ń ṣòfò lórí ẹ̀. Irin ò rọ̀, ó kúrú ni. Tí sípíríǹgì bá ti gba ẹrù títí, ó lè má padà sí gígùn tí wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kílò méje lé e lórí, mm kan tó ń tẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun náà ló máa tẹ̀ lónìí. Sísanra ẹ̀ ò yí padà, ìbú ẹ̀ ò yí padà, òrùka ẹ̀ ò dín, níbo ni rírọ̀ ti fẹ́ wọlé? Àfi tí ìpẹtà bá ti jẹ irin ẹ̀ tínrín, ìyẹn gan-an sì ti tó ìdí láti sọ ọ́ nù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé tí ọkọ̀ bá kàn wálẹ̀ torí ó ti pẹ́, tí ẹ ò fi nǹkan kan kún un, sípíríǹgì tuntun oníréètì kan náà ló yẹ kẹ́ ẹ rà. Tó bá jẹ́ pé ẹrù lẹ fi kún iwájú ni, réètì lẹ máa gbé sókè. Tiyín, ẹ̀gbọ́n, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń gé òrùka kan kúrò pé ẹ fẹ́ kó rọ̀, ó ń le sí i ni. Òrùka méje tó di mẹ́fà ti le ní ìdá kan nínú mẹ́fà ju bó ṣe wà lọ.

Ohun tó kù láti wọ̀n: ẹ wọn àárín gbùngbùn táyà iwájú sí etí fẹ́ńdà lókè ẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kẹ́ ẹ wá Hilux bíi tiyín tí ò ní gáàdì, kẹ́ ẹ wọn tìyẹn náà. Ẹ gbé gáàdì àti wíǹṣì sórí ìwọ̀n, tàwọn oníkájú tàbí tàwọn oníṣu, kò sí èyí tí ò dáa. Ẹ lọ síbi ìwọ̀n tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ gun iwájú nìkan sí i, ẹ̀yìn á wà nílẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni wọn kì í ṣe. Sípíríǹgì Hilux yín kò jókòó sórí táyà, àárín lówà àámù ló wà, bí ọmọdé tó jókòó sí àárín pákó jáńgirọ́fà dípò etí. Táyà á rìn jìnnà, sípíríǹgì á rìn díẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá ti tú sípíríǹgì kúrò, kí wọ́n dá ṣọ́ọ̀kì nìkan padà sáyè ẹ̀, kí wọ́n fi jáàkì gbé táyà sókè ní 50 mm, kẹ́ ẹ wo iye tí ṣọ́ọ̀kì fi kúrú.

OníNissan_Ọ̀yọ́ — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀yọ́ ni mo wà, lápá Ọwọ́dé. Nissan D22 ni tèmi, níwájú mi ò rí sípíríǹgì kankan, ọ̀pá gígùn kan ló wà lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Wọ́n bá mi fún nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ẹ̀ le, ọkọ̀ sì ga. Ṣé sípíríǹgì mi ti le sí i nìyẹn?

ỌgáMẹkó_Sábó — 8:05 àárọ̀

Rárá o àbúrò. Ọ̀pá yẹn náà ni sípíríǹgì ẹ, yíyí ló ń yí dípò kó tẹ̀. Nọ́ọ̀tì yẹn gíga nìkan ló ń ṣe, líle ẹ̀ wà bó ṣe wà, torí ọ̀pá kan náà ni, sísanra kan náà, gígùn kan náà. Tí wọ́n bá fún un jù, lówà àámù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ pátápátá, tí táyà bá fẹ́ sọ̀ sínú gálópù kò ní ráyè sọ̀, ọkọ̀ á máa já gbì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti jọ́ìntì ẹsẹ̀ á sì máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní kí wọ́n dá a padà sí gíga tó bá ti kọ́ńpìnnì mu. Tó o bá fẹ́ kó le ní tòótọ́, ọ̀pá tó sanra jù ú lọ lo máa wá.

AgbẹÌkòyí — Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé o. Ilé mẹkáníìkì ni mo wà láti àárọ̀, irinṣẹ́ tó ń fún sípíríǹgì yẹn la yá, ọ̀gá ẹ ṣeun fún ìkìlọ̀ yẹn.

Irin sípíríǹgì mi 15 mm, ìbú láti ìta dé ìta 115 mm, òrùka tó ń ṣiṣẹ́ méje. Ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún ń sun òróró, rọ́bà lówà àámù òsì ti já kúrò, ìdajì ló kù. Gáàdì 62 kg, wíǹṣì pẹ̀lú okùn ẹ̀ 28 kg, ẹ̀rù bà mí, mi ò mọ̀ pé àpò símẹ́ńtì kan àtààbọ̀ ó lé ni mo gbé kọ́ imú ọkọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ibi ìwọ̀n: iwájú nìkan 1,140 kg. Àárín táyà sí fẹ́ńdà 47 cm, ti ọ̀rẹ́ mi tí ò ní gáàdì 50.5 cm. Nígbà tá a gbé táyà sókè ní 50 mm, ṣọ́ọ̀kì kúrú ní 29 mm.

Àárín gáàdì sí àárín táyà iwájú, mo kàn wọn ìyẹn náà pé bóyá ẹ máa bèèrè, 80 cm.

Ẹnjiníà_UnderG — 8:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe yìí mọ́ gan-an. 80 cm tẹ́ ẹ wọ̀n yẹn gan-an ni mo fẹ́ bèèrè. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀.

Ìbú àárín sí àárín: 115 yọ 15, ó ku 100. 79,000 lọ́nà 50,625, pín sí 56,000,000, ó jẹ́ 71.4 N/mm. Ìyẹn 408 lb/in, 7.3 kg/mm.

29 nínú 50 jẹ́ 0.58. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa fi lọ́po, torí pákó jáńgirọ́fà yẹn ń dín agbára kù, ó tún ń dín ìrìn kù. 0.58 lọ́nà 0.58 jẹ́ 0.336. 71.4 lọ́nà ìyẹn, 24 N/mm. Líle tí táyà ń rí nìyẹn, kò tó kílò méjì àtààbọ̀ fún mm kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá rí 500 lórí páálí fi máa rò pé òkúta ni.

Gáàdì àti wíǹṣì jẹ́ 90 kg, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gbé e síwájú táyà ní 80 cm, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbára láti tẹ iwájú. Táyà iwájú sí tẹ̀yìn Hilux yín jẹ́ 308.5 cm. 90 yẹn wá di nǹkan bíi 113 kg lórí táyà iwájú, ẹ̀yìn sì fúyẹ́ ní 23. Ìdajì 113 fún táyà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 56.5 kg, ó máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní 23 mm. Ẹ rí i? Ọkọ̀ yín fi 35 mm wálẹ̀ ju ti ọ̀rẹ́ yín lọ. 23 jẹ́ ti gáàdì, 12 tó kù ni sípíríǹgì tó kúrú. Méjèèjì ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe fura.

Ó wá kan yíyàn. 1,140 pín sí méjì, 570, ẹ yọ nǹkan bíi 50 fún táyà, rímù àti ìdajì àámù tí sípíríǹgì ò gbé, ó ku 520 kg. Kí gáàdì tó dé, 463 ni. Kí ọkọ̀ lè máa mì bó ṣe ń mì nígbà tí kọ́ńpìnnì gbé e jáde, réètì gbọ́dọ̀ gòkè bí ẹrù ṣe gòkè: 71.4 lọ́nà 520 pín sí 463, nǹkan bíi 80 N/mm, 457 lb/in. Èyí tó kéré jù tó yẹ kẹ́ ẹ rà nìyẹn. Nítorí ọ̀nà oko tẹ́ ẹ ń lọ, mo lè gbé e dé 85, ìyẹn 485 lb/in. Tó bá ti kọjá 92 tàbí bẹ́ẹ̀, ìrìn Ìbàdàn ò ní tu yín lára mọ́. 17 mm tí wọ́n gbé wá fún yín lọ́jọ́ yẹn, 118 N/mm ni, 673 lb/in. Ọ̀rọ̀ ẹyin ìyá wa ni ì bá tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo gígùn ẹ̀ náà o. Ohun tó bá jẹ́ 85 tí gígùn ẹ̀ láì gbẹ́rù bá ti kọ́ńpìnnì mu máa gbé yín ga ju ti ọ̀rẹ́ yín lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ má ra èyí tó tún gùn lórí pé ó le, á ti ga jù.

ỌmọAkẹ̀sán — 9:17 alẹ́

Mo ń ka èyí látòkè. Ẹrù ẹ̀yìn ńkọ́? Gàárì ni èmi ń kó, àpò ogún nígbà míì. Ṣé kò yẹ kí iwájú náà le torí ìyẹn?

Ẹnjiníà_UnderG — 9:30 alẹ́

Ẹrù tó bá wà lórí táyà ẹ̀yìn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú. Tó bá kọjá táyà ẹ̀yìn, ńṣe ló ń gbé imú sókè, ọwọ́ ìdarí á fúyẹ́. Sípíríǹgì ẹ̀yìn (àwọn ewé irin ẹ̀yìn) lẹ máa wò, ẹ fi iwájú sílẹ̀.

ỌgáMẹkó_Sábó — Ọjọ́ Àìkú, 2:00 ọ̀sán

Ó ku ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i. Tókúnbọ̀ ò burú, ẹ kàn máa mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà. Sípíríǹgì Toyota máa ń ní àmì ọ̀dà lára, funfun, yẹ́lò, búlúù, pupa, kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ni wọ́n fi ń ya oríṣi sọ́tọ̀. Hilux onídísẹ̀lì àti oníbẹntiróòlù kì í sábà lo ọ̀kan náà torí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì wúwo. Ẹ má ra ọ̀tún láti ara ọkọ̀ kan kẹ́ ẹ ra òsì láti ara òmíràn. Ẹ mú kálípà dání lọ Àràròmí, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n níwájú ẹni tó ń tà á, ẹni tó bá kọ̀ fún yín, ẹ kọjá síwájú. Ti Prado tí ọmọ wa Tákíè sọ yẹn lè wọlé, ó lè má wọlé, ẹnu orí àti ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ti àga yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí òrùka ẹ̀ há lápá kan tó sì fẹ̀ lápá kejì, ìṣirò Ẹnjiníà ò ní í mú un bẹ́ẹ̀, torí bó ṣe ń tẹ̀ ló ń le sí i.

Tí owó bá wà, àwọn ará Australia ló ń ṣe tuntun tó dáa fún irú ọkọ̀ yìí, Old Man Emu, Dobinsons, King Springs, wọ́n máa ń bi yín pé kílò mélòó lẹ gbé sí iwájú, ẹ ti ní ìdáhùn wọn lọ́wọ́ báyìí.

ỌmọTákíè — 2:41 ọ̀sán

Ọ̀gá mi, èmi náà fẹ́ lọ wọn tèmi. Mi ò wọ̀n ọ́n rí.

AgbẹÌkòyí — Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, 7:05 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Mo ní kí n dúró kí n wà á dáadáa kí n tó kọ̀wé.

480 lb/in ni mo rí rà, tuntun ni, gígùn ẹ̀ bá tàtijọ́ mu kó tó máa gbẹ́rù. Mo ra ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀, Ẹnjiníà pè mí lórí fóònù pé kí n mú èyí tó fi bíi 15% le ju ti kọ́ńpìnnì lọ, pé sípíríǹgì tó le tó sì gbẹ́rù púpọ̀ máa ń ta padà pẹ̀lú agbára, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ò ní lè mú un. Rọ́bà lówà àámù méjèèjì, tuntun. Ọjọ́ tá a dè é, fẹ́ńdà wà ní 51.4 cm. Lónìí ó ti jókòó sí 51.1. Nǹkan tí Ẹnjiníà sọ gan-an ló ṣẹ, mo ya fọ́tò rúlà náà ránṣẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé ìyàwó mi lọ Ìbàdàn, a gba Odò-Ọbà, ibi tí títì ti bàjẹ́ jù lẹ mọ̀, mo rọra ń wo ojú ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan títí a fi dé Fìdítì, ibẹ̀ ló ti ní kí n dúró kí òun ra ọsàn, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ara tù ú. Ọ̀nà oko náà, kò lù gbàà mọ́. Ó ṣì máa ń le díẹ̀ lórí àwọn bọ́ǹpù kéékèèké tí mo bá dá nìkan wà nínú ọkọ̀, mo gba ìyẹn.

Nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: bí imú ọkọ̀ ṣe gòkè, iná iwájú náà gòkè, àwọn tó ń bọ̀ níwájú ń tanná sí mi lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo sì ṣe aláìnmẹ́ǹtì, torí táyà ti ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú nígbà tó fi wà nílẹ̀.

ÌyáẸlẹ́yin — 7:52 alẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọmọ mi Ẹnjiníà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo máa gbé ọkọ̀ tèmi wá sí Under G, ẹ bá mi mú kálípà yẹn jáde.

Ẹnjiníà_UnderG — 8:03 alẹ́

Ẹ máa bọ̀, màmá. Ẹ kó ohun tẹ́ ẹ máa ń gbé nínú ọkọ̀ gan-an wá, ká wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹ̀.